Bí a ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára sílíkà nígbà tí ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá kàn án

Sílíkà ni àkópọ̀ sílíkónì àti ọ́síjìn. Bí a bá da ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sí ara kúọ́tìsì tàbí gíláàsì sílíkà nínú àpótí òfìfo, ìyẹn àpótí tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ara rẹ̀ yóò tan ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í pọ̀: nígbà mìíràn, a máa ṣú bí aṣọ aró tó ti ṣá, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa pọ́n bí ẹ̀yinná tó ń kú lọ. Cathodoluminescence ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ìmọ́lẹ̀ yìí, CL ni a ó sì máa pè é níhìn-ín. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń lo maikirosíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, tí ẹ̀rọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà lára tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì fi sílíkà ṣiṣẹ́ rí.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́kàn wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìtànṣán tí a fi ń wo sílíkà ló tún ń yí i padà. Sílíkà tí kò ní àbùkù kankan kò yẹ kó tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí, nítorí pé agbára tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù nílò kó tó lè kúrò nínú ìdè rẹ̀ kó sì máa rìn fàlàlà tó nǹkan bí 9 eV (ẹ̀lẹ́kítírọ́nù-fóòtì, òṣùwọ̀n agbára), bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò ju nǹkan bí 1.7 sí 3.1 eV lọ. Ibi tí àbùkù bá wà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde: ibi tí átọ́ọ̀mù ọ́síjìn ti sọnù, ibi tí ìdè ti já, tàbí ibi tí alúmíníọ̀mù ti gba ìjókòó sílíkónì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan ṣoṣo tó bá wọlé pẹ̀lú agbára 10 keV, ìyẹn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá eV, lè tú ọgọ́rùn-ún mélòó kan ẹ̀lẹ́kítírọ́nù mìíràn sílẹ̀ kó tó dúró; àwọn tó tú sílẹ̀ yìí ló ń bọ́ sínú àbùkù tó ti wà nílẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń jáde, agbára wọn kan náà ló sì ń dá àbùkù tuntun sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rọ bá kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kìn-ín-ní kì í ṣe ohun tí yóò kọ ní ìṣẹ́jú karùn-ún. Torí kí ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ yẹn má baà ṣòfò ni mo ṣe to àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n.

Ègé náà àti ojú rẹ̀

Ẹ fi omi gé òkúta tàbí gíláàsì náà. Ẹ má ṣe gé e ní gbígbẹ, nítorí pé eruku sílíkà tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ń dá ọgbẹ́ tí kì í jinná síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àtè ẹpọ́sì dì í mú, kí ẹ sì máa yún ojú rẹ̀ láti orí ìyẹ̀fun tó rí hárahàra dé orí èyí tó kúnná jù lọ, títí yóò fi máa dán bíi jígí. Ojú tí kò bá dán yóò tú ìmọ́lẹ̀ ká, àwọn ìlà tí ìyẹ̀fun fà sí i lára yóò sì hàn nínú àwòrán bí ẹni pé inú òkúta ni wọ́n ti wá.

Ìdán yìí gba sùúrù ju bí ènìyàn ṣe máa rò lọ. Ìyẹ̀fun dáyámọ́ńdì ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Alúmínà tó bá ní kúrómíọ̀mù díẹ̀ nínú ń tan pupa nítòsí gígùn ìgbì 694 nànómítà, àtè ẹpọ́sì pàápàá sì ń tàn. Èyí tó burú jù ni omi ìdán ìkẹyìn, èyí tó jẹ́ pé sílíkà wínníwínní ló wà nínú rẹ̀: sílíkà la fẹ́ wò, sílíkà náà ló sì kù sínú ihò. Mo rántí ègé kúọ́tìsì kan tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ yàtọ̀ lára rẹ̀, tó ń tẹ̀ lé ojú àfọ́ kan láti etí dé etí, àwọ̀ aró tó mọ́ kedere láàárín ibi tó ṣókùnkùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kúọ́tìsì tuntun ló hù dí àfọ́ náà. Nígbà tí mo gbé ègé náà sínú ẹ̀rọ ìfọ̀ tó ń fi ìró gbọn omi, tí mo jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀, tí mo sì dá a padà sábẹ́ ìtànṣán, ìlà náà kò sí mọ́. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fọ ègé lẹ́ẹ̀mẹta, omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́tánọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, kí n tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ rárá.

Sílíkà kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá lára rẹ̀. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó bá wọ inú rẹ̀ yóò kó jọ síbẹ̀, wọn yóò sì máa ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn dànù; àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé àwòrán yóò máa sún, ibì kan yóò sì máa funfun lójijì. Ẹ fi kábọ̀nù tó nípọn nǹkan bí 10 sí 15 nànómítà bo ojú ègé náà, kí ẹ sì fi ọ̀dà fàdákà fa ọ̀nà kan láti orí ojú náà dé ara irin tó jókòó lé. Ẹ má ṣe lo wúrà, nítorí pé ó ń gbé àwọ̀ aró mì ju pupa lọ, àwọ̀ tí ẹ bá sì kà yóò ti yí padà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi ègé kan wé èkejì, ìgbà kan náà ni kí ẹ bò wọ́n, kí kábọ̀nù orí wọn lè nípọn bákan náà.

Àwọn kan máa ń yẹra fún kábọ̀nù nípa fífi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí náà kó lè gbé iná tó kó jọ lọ. Ọ̀nà náà dára fún àwòrán, ṣùgbọ́n nitirójìn inú afẹ́fẹ́ yẹn yóò tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ní nǹkan bí 337 àti 391 nànómítà, ó sì lè bo ohun tí kúọ́tìsì ń sọ ní agbègbè náà mọ́lẹ̀.

Òkùnkùn

Ẹ pa kámẹ́rà tó ń wo inú àpótí, pàápàá iná ara rẹ̀ tí ojú kò lè rí, nítorí pé agbámọ́lẹ̀ yóò rí i. Bí ẹ̀rọ yín bá ń lo okùn tó ń gbóná láti tú ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sílẹ̀, okùn náà fúnra rẹ̀ ń pọ́n, díẹ̀ nínú pípọ́n rẹ̀ sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé orí ègé. Ẹ kọ ohun tí agbámọ́lẹ̀ ń rí sílẹ̀ nígbà tí a dí ìtànṣán mọ́, kí ẹ tún kọ òmíràn nígbà tí ìtànṣán bá wà lórí kábọ̀nù lásán tàbí irin, pẹ̀lú iye àkókò kan náà tí ẹ ó lò fún sílíkà. Èyí kejì ni ẹ ó yọ kúrò lára iṣẹ́ yín níkẹyìn.

Títo jígí sí ipò

Jígí tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ní ibì kan ṣoṣo tí ó ti ń ríran dáadáa, ibẹ̀ kò sì gbà ju máíkírómítà mélòó kan lọ. Gíga ègé gbọ́dọ̀ bá ibẹ̀ mu. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé yóò gbé ìtànṣán sórí ibi tó fẹ́ wò gan-an, yóò sì máa gbé ègé sókè sódò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi mọ́ tó bó ṣe fẹ́. Nígbà tó bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó wá wò ti lọ. Igun kan tí ẹ kò nílò, tàbí ègé mìíràn tó ń mọ́lẹ̀ dáadáa bíi òkúta sáákónì, tí ojú rẹ̀ bá ga bákan náà, ni kí ẹ fi tún jígí ṣe. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti to bí ojú ìtànṣán ṣe mú tó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dí ìtànṣán mọ́, kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sún ègé lọ sí ibi tuntun nínú òkùnkùn.

Agbára àti iye ìtànṣán

Agbára ìtànṣán, tí a ń fi kV (kilofóòtì) wọ̀n, ló ń sọ bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù yóò ṣe wọlé jìn tó. Bí a bá fi ìlànà ìṣirò tí àwọn onímọ̀ Kanaya àti Okayama gbé kalẹ̀ ṣírò rẹ̀ fún gíláàsì sílíkà, 2 kV yóò wọlé tó nǹkan bí 0.1 máíkírómítà, 5 kV yóò tó 0.5, 10 kV yóò tó 1.5, 20 kV yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5. Kúọ́tìsì wúwo ju gíláàsì lọ, nítorí náà kò jìn tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Fún òkúta, 10 sí 15 kV dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ awẹ́ sílíkà tó nípọn 100 nànómítà lórí sílíkónì ni ẹ ń wò, 10 kV yóò gba inú rẹ̀ kọjá lọ sínú sílíkónì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í ti í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde rárá. 2 kV ló yẹ ẹ́. Ẹ tún rántí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lára sílíkónì ìsàlẹ̀ yóò pàdé èyí tó ń lọ sókè, àwọn àwọ̀ kan yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ lágbára sí i, àwọn mìíràn yóò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi awẹ́ tó nípọn yìí wé èyí tó nípọn tọ̀hún láìṣe ìṣirò èyí.

Ní ti iye ìtànṣán, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì bá sílíkà mu gan-an. Ẹ má ṣe fún ìtànṣán jọ sí ojú kan. Ẹ tú u ká kó gbòòrò tó máíkírómítà 10 tàbí 20, tàbí kí ẹ jẹ́ kó máa yára gbá orí igun mẹ́rin kan tó tó bẹ́ẹ̀. Bí 10 nA (nànóámpìà, òṣùwọ̀n iye iná ìtànṣán) bá wà lórí igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ máíkírómítà 10, ó ti di 10 mA/cm², nǹkan bí bílíọ̀nù 62 ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ló sì ń balẹ̀ síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tú ìtànṣán kan náà ká dé máíkírómítà 100 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìkọlù yóò dín ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ó rí gbà kì í dín tó bẹ́ẹ̀ bí jígí yín bá lè rí gbogbo ibẹ̀. Ẹ wọn iye iná ìtànṣán gan-an pẹ̀lú ife tó ń gbà á, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ nìkan kò tó gbára lé.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí agbámọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kí ìtànṣán tó dé. Ẹ tò ó kó máa kọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kó má sì dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn èyí tí ó lè wá máa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá títí yóò fi pé ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Ìgbà tó bá ti kọ òkùnkùn bíi mẹ́ta sílẹ̀ ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìtànṣán. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó ní ìmọ́lẹ̀ nínú yóò rí játijàti, ẹ má ṣe torí èyí sọ ọ́ nù. Bí ó bá ṣókùnkùn jù, ẹ lọ sí ibi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n jọra, kí ẹ sì ro ìṣẹ́jú-àáyá kìn-ín-ní wọn pọ̀. Mo fara mọ́ èyí ju kí a fi ìtànṣán tó lágbára ní ìlọ́po márùn-ún lu ibì kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya gíráàfù tó ń fi bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ sókè tàbí sódò pẹ̀lú àkókò hàn. Bí gbogbo àwọ̀ bá jọ ń rẹ̀ sílẹ̀ bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èérí olóròóró inú àpótí ni ìtànṣán ń sè mọ́ ojú ègé, tí ó sì ń ṣíji bo ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí igun mẹ́rin dúdú níbẹ̀ bí ẹ bá fẹ àwòrán jáde. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ kan bá ń kú nígbà tí òmíràn ń dìde, inú sílíkà ni ìyípadà náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Kíka àwọ̀

Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ fi fìtílà mákúrì yẹ ẹ̀rọ wò: ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí 404.7, 435.8 àti 546.1 nànómítà. Ẹ fi fìtílà tí a ti mọ ìtànyòò rẹ̀ tún bí ẹ̀rọ ṣe ń gba àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe, nítorí pé kò sí agbámọ́lẹ̀ tó ń rí gbogbo àwọ̀ dọ́gba. Láti mọ eV, ẹ fi nànómítà pín 1239.8. Bí ẹ bá sì sọ gbogbo gíráàfù di ti eV, gíga rẹ̀ náà ni ẹ gbọ́dọ̀ sọ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn ìgbì lọ́nà méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé èyí, ṣóńṣó pupa wọn a sì kúrò ní ipò rẹ̀.

Ewu kan tún wà lára awo onílà wẹ́wẹ́ tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ní 288 nànómítà yóò tún yọjú ní ìlọ́po méjì, ìyẹn 576, bí ẹni pé àwọ̀ ìyeyè ni. Ó ti tàn mí jẹ rí: mo lo odindi ọ̀sán kan lórí ṣóńṣó ìyeyè kan nínú gíláàsì sílíkà, mo sì ti ń wá orúkọ tí n ó sọ ọ́, kí n tó fi asẹ́ tó ń dí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 400 nànómítà sí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Ó pòórá lójú ẹsẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà láìsí asẹ́, kí ẹ sì fi asẹ́ ka èyí tó kọjá 400.

Nínú gíláàsì sílíkà, ṣóńṣó mẹ́ta ni ẹ ó máa bá pàdé jù. Pupa, ní nǹkan bí 650 nànómítà tàbí 1.9 eV, ń wá láti ara ọ́síjìn tí ìdè rẹ̀ kan ti já, tó jẹ́ pé sílíkónì kan ṣoṣo ló di mú dípò méjì. Àwọ̀ aró, ní nǹkan bí 460 nànómítà tàbí 2.7 eV, ń wá láti ara sílíkónì tó ku ọ́síjìn méjì péré dípò mẹ́rin. Òun ló máa ń ga sí i bí ìtànṣán ṣe ń pẹ́ lórí ègé, nítorí pé ìtànṣán ń lé ọ́síjìn kúrò ní ipò. Ẹnì kejì rẹ̀ wà ní nǹkan bí 4.3 eV, òun gan-an ni 288 nànómítà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọ̀ aró bá ga tí ẹ kò sì rí ẹnì kejì yìí, ẹ wò ó bóyá jígí tàbí lẹ́ǹsì yín ló ń gbé e mì. Ṣóńṣó tó wà láàárín àwọ̀ ewé àti ìyeyè, ní 2.2 sí 2.3 eV, kì í sábà hàn àfi nínú òtútù.

Kúọ́tìsì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láfikún. Alúmíníọ̀mù tó jókòó sí ipò sílíkónì, tí lítíọ̀mù tàbí sódíọ̀mù sì dúró tì í, ń tan ìmọ́lẹ̀ ní 380 sí 390 nànómítà, ìtànṣán a sì yára pa á. Kúọ́tìsì tó hù láti inú omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ máa ń tan àwọ̀ tó wà láàárín aró àti ewé, nítòsí 500 nànómítà, èyí tó lè kú tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé: ègé náà yóò tàn bí ewé tútù tí oòrùn là kọjá, kí ẹ sì tó ka ọgọ́ta, ó ti di pupa rúsúrúsú. Ọdún 1978 ni onímọ̀ òkúta Zinkernagel tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, tó fi àwọ̀ CL ya kúọ́tìsì inú òkúta iyanrìn sọ́tọ̀: àwọ̀ àlùkò fún èyí tó tutù láti inú òkúta yíyọ́, àwọ̀ ilẹ̀ fún èyí tí ìgbóná àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti yí padà, àti èyí tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn, tó hù sáàárín àwọn hóró iyanrìn fúnra wọn. Ìpín náà ṣì wúlò gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í sọ ibi tí hóró kan ti wá nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan, torí pé ẹni tó bá wo hóró kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lè rí àwọ̀ mìíràn.

Àwòrán

Ẹ má ṣe ya àwòrán ibi tí ẹ kò tíì ka àwọ̀ rẹ̀, nítorí pé yíyà náà jẹ́ ìkọlù. Bí ẹ bá ń yà á, ẹ má ṣe kánjú. Ìmọ́lẹ̀ aró sílíkà máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó kú. Bí ìtànṣán bá ti sáré lọ sí ojú mìíràn kó tó kú, ẹ̀rọ yóò ka ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ ibi tí kò ti wá, etí gbogbo nǹkan yóò sì fà bí ọ̀dà tí a fi ìka nù. Ẹ wo etí nǹkan kan náà nínú àwòrán tí a yà láti ọ̀tún sí òsì àti láti òsì sí ọ̀tún. Bí etí náà bá fà sí ìhà méjèèjì, ẹ dín ìyára kù.

Nínú òtútù

Bí ẹ̀rọ yín bá ní ìjókòó tí a lè fi nitirójìn olómi mú tutù, ìmọ́lẹ̀ yóò pọ̀ sí i gan-an. Òtútù nitirójìn olómi jẹ́ -196 °C, ó sì ń lé afẹ́fẹ́ tí a ń mí kúrò nínú yàrá tí a bá tì pa, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ kọ́kọ́ fa òfìfo àpótí náà dáadáa kí ẹ tó mú ègé tutù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi tó kù nínú rẹ̀ yóò dì sójú ègé. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ jẹ́ kí ègé móoru dé ìwọ̀n yàrá kí afẹ́fẹ́ tó wọlé.

Kí ẹ tó gbé ègé kúrò

Ẹ kọ agbára ìtànṣán, iye iná tí ẹ wọ̀n, bí ibi tí ẹ lù ṣe fẹ̀ tó, ìṣẹ́jú-àáyá tó lò níbẹ̀, ìwọ̀n òtútù, bí kábọ̀nù ṣe nípọn tó, àti asẹ́ tó wà lójú ọ̀nà. Láti inú mẹ́ta nínú wọn, ìyẹn iye iná, fífẹ̀ àti àkókò, ni ẹnikẹ́ni ti lè ṣírò iye ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó ti wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya àwòrán ojú ègé náà sórí bébà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà sàmì sí gbogbo ibi tí ìtànṣán ti kàn, pẹ̀lú igun tí ẹ fi tún jígí ṣe. Àbùkù tí ìtànṣán dá sílẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ẹni tó bá sì gbé ègé náà lẹ́yìn yín yóò rí i bí àmì tó mọ́lẹ̀ tàbí tó ṣókùnkùn. Ẹ ká bébà náà sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ègé, ẹ má ṣe fi í sínú ìwé iṣẹ́ yín nìkan.